Fọ́ọ̀kì wa ń da go.mod rú, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

OníKòkó_Oǹdó · Ọjọ́ Ajé, 8:14 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Àwa mẹ́ta la jọ ń kọ ètò kan fún àwọn tó ń ra kòkó, èmi wà ní Oǹdó níbí, àwọn méjì tó kù wà ní Àkúrẹ́, Go, èdè ìkọ kóòdù yẹn, la fi ń kọ ọ́. Tí wọ́n bá ti gbé àpò kòkó sórí òṣùwọ̀n, ètò yẹn á tẹ ìwé ìwọ̀n jáde lórí ẹ̀rọ rìsíìtì kékeré, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ṣọ́ọ̀bù. Láíbìrì (kóòdù ẹlòmíì tá a kàn ń pè lò) tá a rí tó ń bá ẹ̀rọ yẹn sọ̀rọ̀ dáa gan-an, ìṣòro ẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò gbọ́ Yorùbá rárá. Gbogbo ẹ, ọ, ṣ ló ń di àmì ìbéèrè. Bàbá àgbẹ̀ kan gba ìwé tiẹ̀, ó wo ibi tó yẹ kí orúkọ ẹ̀ wà, ó ní kí la tún fẹ́ bi òun.

Mo bá ṣe fọ́ọ̀kì ẹ̀, ìyẹn ẹ̀dà tiwa tá a lè tún ṣe. Mo tún un ṣe kó máa ya ìlà ọ̀rọ̀ bí àwòrán kó tó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ, ó sì ń jáde kedere, àmì ohùn àti gbogbo ẹ̀. Mo ti fi PR (ìbéèrè pé kó gba àtúnṣe náà wọlé) ránṣẹ́ sí ẹni tó ni í, kò tíì fèsì.

Wàhálà wá ni báyìí. (Mo fi orúkọ míì bo orúkọ gidi o.) Tí mo bá ní kí go get lọ mú fọ́ọ̀kì wa wá, ohun tó ń sọ nìyí:

`module declares its path as: example.com/onikoodu/itewe`
`but was required as: example.com/awa/itewe`

Mo wá fi `replace example.com/onikoodu/itewe => ../itewe` sínú go.mod (fáìlì tó ń sọ orúkọ ètò wa àti àwọn láíbìrì tó ń lò), ó ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù mi, àmọ́ àwọn ará Àkúrẹ́ fa kóòdù, tiwọn ò kọ́, ó ní òun ò rí fódà yẹn. Sáfà náà ò kọ́. Ṣé kí n lọ yí orúkọ module (orúkọ tí Go fi ń mọ láíbìrì náà) padà nínú gbogbo fáìlì ni, àbí ọgbọ́n míì wà? Ẹ dákun.

BàbáSáfà · 8:31 àárọ̀

Má tọ́ka sí fódà, tọ́ka sí fọ́ọ̀kì yín lórí ayélujára, kó o sì fi nọ́ńbà sí i:

`go mod edit -replace=example.com/onikoodu/itewe=example.com/awa/itewe@v1.4.3-awa.1`

kó o wá ṣe `go mod tidy`. Tó ò bá tíì fi tag (nọ́ńbà tá a lẹ̀ mọ́ ẹ̀dà kan) sí i, kọ orúkọ bráǹṣì (ẹ̀ka iṣẹ́ kan nínú rẹ̀) síbi tí nọ́ńbà wà, tidy á sọ ọ́ di nọ́ńbà gígùn kan tó ní ọjọ́ àti lẹ́tà méjìlá tó bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà commit yẹn nínú (commit ni ẹyọ àtúnṣe kan tí git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù, kọ sílẹ̀). Má fọwọ́ kan import (ìlà tó ń pe láíbìrì) kankan nínú kóòdù yín. Ó parí.

Ìjàpọ̀_Dev · 8:50 àárọ̀

Kò parí o Bàbá. Replace yẹn, àwọ̀ tí wọ́n fi ń bo egbò mọ́lẹ̀ ni. Ẹni tó ni láíbìrì ò fèsì, ó ṣeé ṣe kó ti pa á tì pátápátá, kí ni ẹ tún wá fẹ́ máa pe orúkọ ẹ̀ fún nínú kóòdù yín? Ẹ yí module padà sí tiyín, àṣẹ sed (tó ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀) kan ṣoṣo á ṣe é nínú gbogbo fáìlì, ẹ fi tag tiyín sí i, gbogbo ayé á mọ̀ pé tiyín ni, ẹni tó bá ń ka kóòdù náà á mọ ibi tó ti wá. Èmi ò fẹ́ràn nǹkan tó ń jẹ́ orúkọ ẹnì kan tó sì jẹ́ ẹlòmíì. Ẹnikẹ́ni tó bá ka import yẹn láì wo go.mod, irọ́ lẹ ń pa fún un.

Arábìnrin_Alágbàká · 9:22 àárọ̀

Bọ̀dá Ìjàpọ̀, ẹ má bínú sí mi o, mi ò gbà pẹ̀lú yín lórí èyí.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ìdí tí àṣìṣe yẹn fi ń jáde, nítorí ẹlòmíì á wá kà á lẹ́yìn ọ̀la. Go ò wo orúkọ rípò (ibi tí wọ́n kó kóòdù sí lórí ayélujára), ìlà àkọ́kọ́ nínú go.mod ló gbà gbọ́. Fọ́ọ̀kì náà ṣì ń sọ pé ọmọ onikoodu lòun, ẹ wá ń pè é ní ọmọ awa, ó ní rárá. Replace ló ń sọ fún un pé "nígbà tí mo bá pe onikoodu, ilé awa ni kó o ti lọ mú un wá". Orúkọ ò yí padà, ibi tí wọ́n ti ń gbé e wá ló yí padà.

Ní ti kí wọ́n yí orúkọ padà. Láíbìrì yẹn ò kan jẹ́ fáìlì kan, fódà inú ẹ̀ ń pe ara wọn, gbogbo ibi tí wọ́n ti ń pe ara wọn ni orúkọ yẹn wà. Tí OníKòkó bá yí i padà lónìí, lọ́jọ́ tí orísun (láíbìrì àkọ́kọ́ tó ṣe fọ́ọ̀kì ẹ̀) bá gbé v1.5 jáde tí ó fẹ́ merge ẹ̀ wọlé, gbogbo ibi tí wọ́n bá ti fọwọ́ kan import níbẹ̀ ló máa forí gbárí, ó sì máa jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ kan odindi nítorí nǹkan tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹ, ọ, ṣ. PR tó ti fi ránṣẹ́ náà ńkọ́? Tó bá lọ ṣe sed yẹn lórí bráǹṣì kan náà, ẹni tó ni láíbìrì á ṣí i, á rí ọ̀pọ̀ fáìlì tó yí padà, á pa á dé. Èmi náà á pa á dé.

Ohun tí èmi máa ń ṣe: replace pẹ̀lú tag nínú go.mod, bí BàbáSáfà ṣe wí, èyí ni ti gbogbo ayé. Fún ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí ìtẹ̀wé àti ètò kòkó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó lo go.work, ó ti wà láti Go 1.18 ní 2022. Ní fódà tó ga ju méjèèjì lọ, `go work init ./kokoapp ./itewe`, ó tán. Go á máa lo èyí tó wà lórí láptọ́ọ̀pù ẹ̀, go.mod ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, kò sì ní gbé `../itewe` kankan lọ bá àwọn ará Àkúrẹ́. Ṣáà má ti go.work wọ inú git, kó o sì máa fi `GOWORK=off go build ./...` dán an wò kó o tó ti kóòdù sókè, torí bí bẹ́ẹ̀ kọ́ o ò ní mọ̀ pé o ti gbàgbé láti ti fọ́ọ̀kì sókè, tìẹ nìkan á máa ṣiṣẹ́.

Ohun kan tún wà tó máa ń mú èèyàn: má kọ nọ́ńbà sí apá òsì replace yẹn. Tó o bá kọ `onikoodu/itewe v1.4.2 => ...`, v1.4.2 yẹn nìkan ló máa rọ́pò. Lọ́jọ́ tí nǹkan míì nínú ètò yín bá béèrè fún v1.4.3, Go á gba v1.4.3 ti orísun, fọ́ọ̀kì yín á kúrò lójú ọ̀nà láìsí ariwo kankan, àmì ìbéèrè á padà dé. Kò ní fún yín ní ìkìlọ̀ kankan o.

FUTA_SouthGate · 9:40 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò yé ibì kan. Tí go.work bá dára tó báyìí, kí ló dé tí a ò ní ti òun gan-an sínú git ká má wá lo replace mọ́?

Arábìnrin_Alágbàká · 9:47 àárọ̀

Àbúrò, torí go.work ń sọ bí fódà ṣe tò lórí kọ̀ǹpútà tìrẹ ni. Ti sáfà ò tò bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ rípò ńlá kan ni gbogbo ẹ̀ wà, táwọn module jọ ń gbé inú ẹ̀, ìyẹn yàtọ̀, àwọn kan máa ń tì í wọlé. Èyí tí a ń sọ yìí ò rí bẹ́ẹ̀.

Arákàlè_Backend · 10:15 àárọ̀

Kí ẹ tó fi Bọ̀dá Ìjàpọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ibi tó ti tọ́ o. Replace inú module tí ẹ ń kọ́ gan-an nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Tí ètò kòkó yìí bá jẹ́ ètò lásán tó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà, kò séwu. Àmọ́ ká ní ẹ yọ apá ìtẹ̀wé kúrò ẹ sọ ọ́ di láíbìrì tiyín tí ètò kejì àti ìkẹta á máa lò, replace inú láíbìrì yẹn, Go ò ní kà á sí rárá nígbà tí ètò kejì bá pè é. Ètò kejì á lọ mú ti orísun wá. Ẹ̀ẹ̀kan náà, tẹ́ ẹ bá kọ irinṣẹ́ kékeré kan tí ẹ fẹ́ káwọn èèyàn máa fi `go install orukọ@latest` gbé sórí kọ̀ǹpútà wọn, Go máa kọ̀ jálẹ̀ tó bá rí replace nínú go.mod irinṣẹ́ náà. Níbẹ̀ yẹn, yíyí orúkọ padà ló kù.

Torí náà ìbéèrè tó yẹ kí OníKòkó bi ara ẹ̀ ni: ta ló máa pe kóòdù yìí lẹ́yìn wa? Tí kò bá sí ẹnì kankan, replace. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ máa tọ́jú ẹ̀ lọ títí, tí ẹ ò sì ní padà sí orísun mọ́, ẹ yí orúkọ padà kí ẹ gba iṣẹ́ ìtọ́jú ẹ̀.

Ìjàpọ̀_Dev · 10:19 àárọ̀

Ẹ ṣeun. Ohun tí mò ń sọ nìyẹn.

ÀǹtíPáítọ́ọ̀nù · 11:05 àárọ̀

Èmi ò kì í ṣe ará Go, àmọ́ ọ̀rọ̀ orúkọ yìí dùn mọ́ mi. Ẹ wo Pillow tí gbogbo wa fi ń ṣe àwòrán ní Python. Fọ́ọ̀kì PIL ni, PIL ti kú tipẹ́, síbẹ̀ `from PIL import Image` la ṣì ń kọ títí dòní. Orúkọ tí wọ́n fi ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà ni wọ́n yí padà, wọn ò fọwọ́ kan orúkọ tó wà nínú kóòdù àwọn èèyàn. Ìdí nìyẹn tí kóòdù àtijọ́ fi bá a lọ. Ewu tó wà ńbẹ̀ ni pé o ò lè gbé méjèèjì sórí kọ̀ǹpútà kan náà, wọ́n á dà pọ̀ mọ́ra wọn.

Ẹni tó bá ń lo Python tó wà nínú irú wàhálà yìí: nínú requirements.txt, `itewe @ git+https://example.com/awa/itewe@` kí gbogbo nọ́ńbà commit wá tẹ̀lé e. Ẹ má kọ orúkọ bráǹṣì síbẹ̀! Bráǹṣì ń rìn. Ohun tẹ́ ẹ gbé sórí sáfà lọ́jọ́ Ajé àti ohun tẹ́ ẹ gbé lọ́jọ́ Ẹtì lè má jọra wọn, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀. Ẹ sì rántí pé PyPI (ibi tí wọ́n ń kó package Python sí) ò ní gba package yín wọlé tí ẹ bá kọ irú àdírẹ́sì git bẹ́ẹ̀ sínú ohun tó gbára lé.

Ọbáilé_JS · 11:30 àárọ̀

Kí n ti ti npm (ti àwa tó ń kọ JavaScript) bọ̀ ọ́ torí àwọn ará ilé mi pọ̀ níbí. `"itewe": "github:awa/itewe#commit"` nínú package.json, ó máa gbé e wá, kó o wá rí i pé fódà dist ò sí níbẹ̀ 😂 torí ohun tí wọ́n ń gbé sórí npm ni wọ́n ti kọ́ tán, ohun tó wà nínú git kò tíì di kíkọ́. Script tó ń jẹ́ prepare ni kó o fi sínú package.json fọ́ọ̀kì yẹn kó máa kọ́ ọ nígbà tí npm bá ń gbé e. Tó bá sì jẹ́ pé ìwọ kọ́ lò ń pe láíbìrì yẹn, pé láíbìrì míì ló ń pè é, lo overrides, Yarn ń pè é ní resolutions. Inú package.json tó ga jù nìkan lòun náà ti ń ṣiṣẹ́, bíi replace yín gan-an. Tó bá sì jẹ́ ìlà méjì péré lo fẹ́ tún ṣe, má ṣe fọ́ọ̀kì rárá, patch-package ti tó.

kékeré_Flutter · 11:52 àárọ̀

dependency_overrides ni tiwa o, nínú pubspec.yaml, òun náà ò ń kọjá ètò tó ga jù. Ó jọ pé gbogbo èdè ló gbà lórí ìyẹn

BàbáSáfà · 12:20 ọ̀sán

Ó ní ìdí tí gbogbo wọn fi gbà. Ká ní láíbìrì méjì nínú ètò rẹ kọ replace tó ta ko ara wọn, ta ni Go á gbọ́ tiẹ̀? Onílé nìkan ló láṣẹ.

Ọ̀yẹ́mẹ́kùn_Git · 1:10 ọ̀sán

Ẹ tún fi eléyìí kún un: tag. BàbáSáfà ní v1.4.3-awa.1. Èmi ní kí ẹ kọ v1.4.2+awa, kí ẹni tó bá rí i mọ̀ pé 1.4.2 ni pẹ̀lú àfikún wa. Ó mọ́ ju ìyẹn lọ.

Arákàlè_Backend · 1:18 ọ̀sán

Go ò gba + yẹn o. `+incompatible` nìkan ló mọ̀, òun fúnra ẹ̀ ló sì ń kọ ọ́ síbẹ̀. Tó o bá fi tag v1.4.2+awa sí i, kò ní kà á sí nọ́ńbà kankan. -awa.1 tó dùn ún lò ni kó o lò, mọ̀ ṣáà pé lójú semver (òfin tí wọ́n fi ń to nọ́ńbà ẹ̀dà) ohun tó ní àmì yẹn lẹ́yìn kéré sí èyí tí kò ní, v1.4.2-awa.1 kéré sí v1.4.2. Nínú replace ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni lára, tọwọ́ ọ̀tún kì í bá ẹnì kan du ipò. Àmọ́ ìdí nìyẹn tí Bàbá fi kọ 1.4.3 síbẹ̀, ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ọ̀yẹ́mẹ́kùn_Git · 1:25 ọ̀sán

Ó yé mi, ẹ ṣé. Ibi tí mo mọ̀ dáadáa ni ti git gan-an, ẹ jẹ́ n sọ ìyẹn. Fọ́ọ̀kì dà bí oko, ìgbà tó o bá dá a tán ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, koríko ò ní dúró dè ọ́. OníKòkó, ṣe báyìí:

`git remote add upstream https://example.com/onikoodu/itewe`
`git remote set-url --push upstream ma_ti`

ti kejì yẹn kó o má bàa ṣèèṣì ti nǹkan sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Bráǹṣì main rẹ, jẹ́ kó máa jọ ti orísun gẹ́lẹ́, má fọwọ́ kan án. Iṣẹ́ ẹ, ọ, ṣ ní bráǹṣì tiẹ̀. Tí orísun bá gbé tuntun jáde, `git fetch upstream --tags`, kó o rebase bráǹṣì tiẹ lé e lórí, ìyẹn ni pé kó o tún to àwọn commit tiẹ sórí tuntun yẹn. Bọ́tìnnì Sync fork tó wà lórí GitHub, bráǹṣì nìkan ló ń bá ọ gbé wá, kì í gbé tag tuntun, ìwọ lo máa ti àwọn yẹn fúnra ẹ.

BàbáSáfà · 1:41 ọ̀sán

Rebase bráǹṣì tí sáfà ń kọ́ látinú ẹ̀? Ẹ rọra o. Tó o bá rebase tó o sì fi agbára tì í sókè, commit tí go.mod àwọn ará Àkúrẹ́ ń tọ́ka sí kò sí lórí bráǹṣì kankan mọ́. Ó lè ṣì wà nínú proxy (sáfà tó ń tọ́jú ẹ̀dà láíbìrì fún Go), ó lè má sí. Merge ni kó máa ṣe, kó má yí ìtàn padà.

Ọ̀yẹ́mẹ́kùn_Git · 1:50 ọ̀sán

Ìdí tag nìyẹn, Bàbá! Fi tag sí gbogbo ohun tó bá ti dé ọ̀dọ̀ sáfà, kó o tó rebase. Tag á di commit yẹn mú, kò ní sọnù bó ti wù kí bráǹṣì yí padà tó. Tó bá jẹ́ merge ló ń ṣe ṣáá, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ kò ní lè sọ mọ́ pé "ohun tí àwa fi kún un nìyí". Èmi fẹ́ kí `git log upstream/main..` fi commit mẹ́ta tàbí mẹ́rin hàn mí, kó tán.

BàbáSáfà · 1:58 ọ̀sán

Mo gbà ti tag. Àmọ́ ẹ kọ ọ́ sára ògiri: tag tí ẹ bá ti tì jáde, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé e sórí commit míì láéláé. Tí rípò bá jẹ́ ti gbangba, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnì kan bá gbé e ni sum.golang.org ti kọ hash ẹ̀ (àmì tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá inú ẹ̀ yí padà) sílẹ̀, go.sum yín náà ti kọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá gbé e kúrò níbẹ̀, SECURITY ERROR gàdàgbà lẹ máa rí, ẹ á wá rò pé wọ́n ti gba kọ̀ǹpútà yín. -awa.2 ò wọ́n.

Adéyẹmí_Junction · 3:05 ọ̀sán

Ìlú kan náà ni èmi àti OníKòkó wà, ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé iná àti dátà ò kan yín. `go mod vendor`, kí ẹ ti fódà vendor wọ inú git. Fọ́ọ̀kì yín á wà níbẹ̀ lábẹ́ orúkọ orísun, gbogbo nǹkan tó gbára lé náà á wà níbẹ̀, ẹni tó bá ti fa rípò kan ti fa gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Láti Go 1.14 tí vendor bá ti wà, òun fúnra ẹ̀ ni Go á máa lò, kò ní lọ sórí ayélujára. Ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ kú á ṣì kọ́ ètò.

Arábìnrin_Alágbàká · 3:20 ọ̀sán

Òótọ́ ni, mo fara mọ́ ọn, pàápàá fún àwọn tó ń lọ gbé ètò sórí kọ̀ǹpútà ní abúlé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má wá máa tún kóòdù ṣe nínú vendor o! Mo ti rí i rí níbi iṣẹ́ kan, ẹnì kan lọ tún nǹkan ṣe nínú fódà vendor tààrà, ẹlòmíì ṣe `go mod vendor` lọ́sẹ̀ kejì, gbogbo ẹ̀ pòórá. Inú fọ́ọ̀kì ni àtúnṣe ti ń ṣẹlẹ̀, vendor kàn ń gbà á ni.

Ọmọ_Ìdànrè · 4:44 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ka gbogbo ẹ̀ láti òkè. Ìbéèrè mi: kí ló dé tẹ́ ẹ fi ṣe fọ́ọ̀kì rárá? Láíbìrì ìtẹ̀wé, ó dájú pé ó máa ní ọ̀nà tí èèyàn lè gbà fi báìtì lásán ránṣẹ́. Àwòrán, GS v 0 ni àṣẹ ẹ̀ nínú ESC/POS (èdè àṣẹ àwọn ẹ̀rọ rìsíìtì). Ya ìlà yẹn nínú kóòdù tiyín, sọ ọ́ di báìtì, fi fún un. Fọ́ọ̀kì ò sí, replace ò sí, gbogbo ìjà òkè yìí ò sí.

OníKòkó_Oǹdó · 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo yín, orí òṣùwọ̀n ni mo wà látàárọ̀, mo ń ka ọ̀rọ̀ yín díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ìdànrè, ohun tí mo kọ́kọ́ rò náà nìyẹn. Ó ní Write lóòótọ́. Ibi tó ti bà jẹ́ ni tábìlì. Ìwé ìwọ̀n ní òpó mẹ́ta: orúkọ, kílò, owó. Láíbìrì yẹn ló ń ka iye àyè tí ọ̀rọ̀ gbà, báìtì ló sì ń kà. Ọ báìtì mẹ́ta ni nínú UTF-8 (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà pamọ́), ọ̀ sì tún burú jù bẹ́ẹ̀ torí Unicode ò ní ọ̀ ní ẹyọ kan, ọ ni U+1ECD, àmì ohùn U+0300 á wá gùn ún, báìtì márùn-ún fún lẹ́tà kan tí ojú ń rí. Òpó á wá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, owó ẹnì kan á bọ́ sábẹ́ kílò ẹlòmíì, ìyẹn sì ni ìjà ní ibi ìtajà kòkó. Fọ́ńṣọ̀n tó ń ka àyè yẹn, lẹ́tà kékeré ló fi bẹ̀rẹ̀, mi ò lè pè é láti ìta.

Ọmọ_Ìdànrè · 5:41 ìrọ̀lẹ́

Ó yé mi wàyí. Síbẹ̀, tó bá jẹ́ fáìlì tábìlì yẹn nìkan, ẹ dà á kọ sínú fódà internal yín, ẹ tún un ṣe, ẹ máa lo ìyókù láíbìrì bó ṣe wà. Fáìlì kan tí ẹ ń tọ́jú rọrùn ju rípò odindi tí ẹ ń tọ́jú lọ. Mi ò ní kẹ́ ẹ pa PR tì o.

Ìwé_Àṣẹ · 6:15 ìrọ̀lẹ́

Kí ẹ tó da fáìlì ẹnikẹ́ni kọ, ẹ wo LICENSE ẹ̀. MIT: ẹ lè ṣe ohun tó wù yín, ẹ ṣáà jẹ́ kí orúkọ oníǹkan àti ìwé àṣẹ ẹ̀ tẹ̀lé fáìlì yẹn lọ. Apache 2.0: bákan náà, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú fáìlì tí ẹ bá yí padà pé ẹ ti yí i. Tó bá jẹ́ GPL ni tí ẹ sì ń pín ètò yín fún àwọn oníbàárà, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀, ẹ lọ kà á dáadáa. Tí kò bá sí LICENSE kankan níbẹ̀, wíwà tó wà ní gbangba ò sọ pé ẹ ní àṣẹ.

Arákàlè_Backend · 7:02 alẹ́

Ohun tí kò tíì jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni ni ààbò. Tí wọ́n bá rí ihò nínú láíbìrì orísun, orúkọ orísun ni wọ́n á fi kéde ẹ̀, wọ́n á tún un ṣe níbẹ̀, fọ́ọ̀kì yín á jókòó pẹ̀lú ihò ẹ̀. GitHub máa ń pa Actions lórí fọ́ọ̀kì títí tí ẹ máa fi tàn án fúnra yín, torí náà ẹ má rò pé ìdánwò ń lọ, ẹ lọ wò ó. Lọ sí rípò orísun, tẹ Watch, yan Custom, yan Releases, kí ímeèlì máa wá.

Ìkejì, gbogbo fọ́ọ̀kì àti orísun ń pín àpótí kan náà ní GitHub. Commit tó wà nínú fọ́ọ̀kì ẹnìkan ṣeé gbé láti àdírẹ́sì orísun tó o bá ti ní nọ́ńbà ẹ̀. Tí ẹnì kan bá fi PR ránṣẹ́ sí yín tó yí nọ́ńbà commit kan padà nínú package.json tàbí requirements, tí àdírẹ́sì sì jẹ́ ti orísun tí gbogbo ayé gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ wò ó bóyá bráǹṣì orísun kan ní commit yẹn lóòótọ́. Ẹ má fi àdírẹ́sì dá a mọ̀.

Ọbáilé_JS · 7:10 alẹ́

ti ìkejì yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ o. Mò ń lọ wo tiwa báyìí

OníKòkó_Oǹdó · 9:26 alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. LICENSE ẹ̀, MIT ni. Mo ti bá àwọn ará Àkúrẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. A ti yọ `../itewe` kúrò, replace ń tọ́ka sí v1.4.3-awa.1, kò sí nọ́ńbà lápá òsì, go.work wà lọ́dọ̀ èmi nìkan ó sì wà nínú .gitignore. Ó kọ́ ní Àkúrẹ́, ó kọ́ lórí sáfà. Vendor, a ó fi sí i tí a bá ń lọ sí àwọn ibi ìtajà inú oko. Ti kí n da fáìlì kan kọ tí Ẹ̀gbọ́n Ìdànrè sọ, mo fẹ́ dúró wo bóyá PR máa wọlé ná.

Ìbéèrè méjì ló kù. Àwọn oníbàárà kan fẹ́ ká sọ fọ́ọ̀kì yẹn di ti ìkọ̀kọ̀, GitHub ò gbà fún mi. Mo sì rí i pé orísun ti ní bráǹṣì v2 tó ń bọ̀, ṣé replace yẹn á bá a lọ?

BàbáSáfà · 9:40 alẹ́

Kò lè gbà, fọ́ọ̀kì rípò gbangba, gbangba náà ni. `git clone --bare` orísun, dá rípò ìkọ̀kọ̀ tuntun tí kì í ṣe fọ́ọ̀kì, `git push --mirror` sínú ẹ̀, kó o wá ti bráǹṣì tiyín náà sínú ẹ̀. Lẹ́yìn náà kí gbogbo yín ṣe `go env -w GOPRIVATE=example.com/awa/*`, sáfà náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Go á máa lọ béèrè lọ́wọ́ proxy tí kò lè rí i. Bọ́tìnnì Sync ò ní sí níbẹ̀ mọ́ o, fetch upstream lẹ ó máa lò.

Arábìnrin_Alágbàká · 9:52 alẹ́

Ti v2: rárá, kò ní bá a lọ. `onikoodu/itewe/v2`, module míì ni lójú Go, replace tẹ́ ẹ kọ ò kàn án. Ìlà tuntun lẹ máa kọ, `/v2` á wà lápá òsì, á wà lápá ọ̀tún, tag yín náà á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú v2. Import inú kóòdù yín náà á gba `/v2`, ìyẹn lẹ ò lè sá fún. Ẹ lè fi ti v1 sílẹ̀ títí gbogbo fáìlì á fi kọjá, méjèèjì lè jọ wà nínú ètò kan náà.

OníKòkó_Oǹdó · 10:03 alẹ́

Ó ti yé mi. Àwọn ará Àkúrẹ́ ní kí n kí yín, wọ́n ní ìwé ìwọ̀n ti jáde lọ́dọ̀ tiwọn, orúkọ wà lábẹ́ orúkọ, owó wà lábẹ́ owó.